Sìmẹ́ńtì Tí Òjò Pa

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀... kẹ̀. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀... kẹ̀.

Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe máa ń dún láti yàrá kejì nígbà tó ṣì kéré, tó máa ń sùn lọ lórí àjákù aṣọ. Ìyá náà ti kú tipẹ́, ẹ̀rọ náà sì ti di ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ohùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ ta sí i létí. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kì í ṣe ẹ̀wù ló ń rán. Tapólì ni, aṣọ rọ́bà fífẹ̀ tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń bo ẹrù nítorí òjò. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú gáréèjì, ó jókòó lé etí rẹ̀ kan, ó ń fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ rán ibi tó ti ya láti òkè dé ilẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé èkejì bí èèrà tó tò lọ sílé.

"Ẹ wá wo Télọ̀ o!" Má-fòyà pariwo láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀. Awakọ̀ àgbà ni Má-fòyà. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń gba ojú àlàfo náà jáde ṣáájú ọ̀rọ̀. "Ẹ bá mi bi í bóyá yóò fi ọrùn sí i!"

"Kó fi àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́," awakọ̀ mìíràn dá a lóhùn, "kí ọkọ̀ rí ibi tí yóò máa ki ọwọ́ bọ̀ bí òtútù bá mú un."

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti gbé ọkọ̀ wọ ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Télọ̀, nítorí aṣọ ló ń rán kó tó di ọlọ́kọ̀.

"Àbúrò," Má-fòyà tún wí, "mo ń ṣàwàdà o, ṣùgbọ́n lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ nǹkan yẹn. Wọn kì í rán an."

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ tó rán kóòtù fún ọkọ ìyàwó, kí ni tapólì máa fi í ṣe?"

"Ó dáa, kóòtù ọkọ ìyàwó," ni Má-fòyà wí. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ká má parọ́, ọwọ́ Télọ̀ dán. Kò sí ẹni tó máa ń dédé fi iṣẹ́ tó mọ̀ sílẹ̀; iṣẹ́ náà ló fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ tí ilé iṣẹ́ ti rán sílẹ̀ kún gbogbo ojú pópó, kálukú ń rà, ó ń wọ̀ lọ. Àwọn tó ń rán odindi ẹ̀wù lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń gbé ṣòkòtò wá kó bá wọn gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò pàápàá wá mọ́. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí yóò máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, tí yóò máa sọ nínú ara rẹ̀ pé: tèyí gùn jù, tèyí ń fẹ́ kí wọ́n ká a sókè díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀. Opó ni. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀ nígbà tó wà láyé, òun náà ló sì kọ́ Télọ̀ ní ọkọ̀ wíwà nígbà tó ṣì ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin náà fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ilẹ̀ yẹn ni obìnrin yìí tà. Wọ́n da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ ìránṣọ tí Télọ̀ tà, wọ́n ra ọkọ̀ àlòkù kan, aláwọ̀ ewé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ọ̀tún kì í ṣí àfi bí èèyàn bá fi èjìká gbá a.

"Ọkọ mi fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà wọlé. "Ìwọ, lọ wa tìẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀, òun ni ọ̀gá, òun náà ni ọmọọ̀ṣẹ́. Bí iṣẹ́ kò bá sí, kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ọkọ̀ tiwọn. Àwọn oníṣòwò ní awakọ̀ tí wọ́n ti jọ ń bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ta ni yóò kó ẹrù fún télọ̀? Láàárọ̀, yóò nu ọkọ̀, yóò bu omi sí i, yóò tan án kí ẹ́ńjìnnì má baà sùn lọ, yóò sì pa á. Nírọ̀lẹ́, yóò tún un nù. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan, jíjẹ ló ń jẹ, kì í bọ́ni. Bátìrì kú. Táyà kan là lójú oòrùn láìrìn lọ síbì kankan. Àwọn awakọ̀ yòókù á jáde lọ, wọ́n á dé pẹ̀lú eruku lára, wọ́n á máa ráhùn nípa ọ̀nà tó bàjẹ́ àti ẹrù tó wúwo, Télọ̀ á sì máa jowú eruku ara wọn.

Bó bá délé, á bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Aṣọ àwọn ará àdúgbò ló ń fọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ilé ẹ̀kọ́ ti dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wo àbúrò ìyá wọn lójú bó bá ti ń wọlé. Wọn ò ní béèrè nǹkan kan. Èyí tí wọn ò béèrè yẹn gan-an ló ń pa á.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Má-fòyà wá sọ fún un pé Màmá Onísìmẹ́ńtì, oníṣòwò tí òun ń bá kó ẹrù, ń wá ọkọ̀ kejì, díẹ̀ ló kù kí Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀.

"Obìnrin náà le o," Má-fòyà kìlọ̀ fún un. "Awakọ̀ kan jí àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀ níjelòó, títí dòní ló ń bú bàbá onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí ìwà ẹ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ebi ti jáde nílé yín nìyẹn. Wọ́n sì ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Má sọ nǹkan kan. Di ẹrù ẹ dáadáa."

Ọkọ̀ méjèèjì jọ kó sìmẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n jọ gbéra. Ti Má-fòyà ṣáájú, ti Télọ̀ tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà ń kérora lábẹ́ ẹrù, ṣùgbọ́n ìkérora náà dùn mọ́ olówó rẹ̀ nínú. Ó ń kọrin. Ó ń dá àwọn èèyàn etí ọ̀nà lóhùn tí wọn ò kí i.

Òjò kò kìlọ̀. Ó bá wọn lójú pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tí kò sí igi, kò sí ilé, ó sì rọ̀ títí ojú ọ̀nà fi di odò. Télọ̀ rọra ń wa ọkọ̀ lọ, kò bẹ̀rù. "Máa rọ̀," ló ń sọ fún òjò náà. "Mo ti rán an."

Nígbà tó dá, wọ́n dúró létí ọ̀nà. Télọ̀ gun òkè ẹrù lọ. Tapólì tẹ́ rẹrẹ lórí ẹrù, kò tú, kò ya, òwú kan kò já. Ó fẹ́ẹ̀ yin ara rẹ̀. Ìgbà tó ṣí i ló tó rí i. Gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ló ń sun omi. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ lu, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti di ìsun, omi sì ti tọ ipasẹ̀ òwú láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn. Àwọn àpò tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ti dúdú. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀kan. Ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú lọ́hùn-ún.

Ó jókòó sórí ẹrù.

Má-fòyà gun òkè bá a. Ó wo àwọn àpò náà, ó wo òwú, ó fi ahọ́n kan àlàfo eyín rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Dìde, àbúrò. Má sunkún lórí ẹrù, omi tó wà níbẹ̀ ti tó."

"Ẹ jẹ́ kí n pè é. N ó sọ fún un."

"Wàá sọ pé kí ni? Pé ẹrù àkọ́kọ́ tó gbé lé ẹ lọ́wọ́, o ti fi omi wẹ̀ ẹ́? Yóò ní kó o san án. Kí lo ní, yàtọ̀ sí ọkọ̀ yìí? Ilẹ̀ àwọn ọmọ òrukàn lo fi rà á, ìwọ fúnra ẹ lo sọ fún mi."

Télọ̀ tún gbé ọwọ́ lé àpò tó gbóná náà.

"Gbọ́. Oòrùn ti ń yọ. Ara àpò á gbẹ. Kó àwọn tó dáa sókè àti sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó àwọn wọ̀nyí sáàárín. Màmá á yẹ òkè wò, á yẹ ẹ̀gbẹ́ wò, á ní kí wọ́n já a. Kó tó tà dé ìsàlẹ̀, ta ni yóò rántí ọkọ̀ tó gbé e wá?"

"Ẹni tó bá rà á ńkọ́?"

"Á fọ́ ọ, á jọ̀ ọ́, á lò ó. Ṣé jíjẹ ni wọ́n ń jẹ sìmẹ́ńtì ni?"

Ojú àwọn ọmọ méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ sí Télọ̀ lọ́kàn. Ó rí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ọ̀nà síwájú, ó wo ọ̀nà sẹ́yìn, kò rí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò àkọ́kọ́. Èyí ló nira jù. Àwọn tó kù kò nira mọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, Má-fòyà lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Báyìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ di awakọ̀," ló wí.

Bí Má-fòyà ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Màmá Onísìmẹ́ńtì jáde wá, obìnrin olóhùn gbọ̀ngbọ̀n kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó yẹ òkè wò, ó yẹ ẹ̀gbẹ́ wò, ó fi àtàǹpàkò tẹ àpò bíi mélòó kan, ó sì ní kí wọ́n já a. Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lára, ọ̀kan nínú àwọn tó ń já ẹrù gbé àpò kan lé èjìká, ó ní, "Yé! Èyí le o."

"Ìwọ lo rọ̀," ni Má-fòyà fún un lésì kíá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí Télọ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Télọ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ojú ẹ ò jọ ti olè."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Má dúpẹ́, mi ò tíì yìn ọ́ tán. Ẹrù mi pé, kò sí àpò tó fà ya. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwọ ni kó o máa bá mi kó o. Mo ti dàgbà, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣọ́ awakọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Télọ̀ ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀. Ó wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún.

Àwọn ọmọ padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Nídìí oúnjẹ, ó máa ń bu tirẹ̀ kún ti àbúrò rẹ̀, á ní, "Jẹun, onímọ́tò," Télọ̀ á sì máa fọwọ́ yí oúnjẹ náà káàkiri títí yóò fi tutù. Ó ra tapólì tuntun. Kò fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Kò pẹ́ sí i tí Màmá fi rán an pé kó gbé òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ìlú. Bíríkìlà kan tó máa ń ra sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Télọ̀ dé ọ̀hún, ó rí òpó kọnkéré gíga mẹ́rin tí wọ́n dà sẹ́yìn ilé ibùsùn, pẹ̀lú pẹpẹ lókè. Táńkì omi dúdú kan tó tóbi bíi yàrá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí wọn yóò gbé e gorí.

Bíríkìlà pàdé rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ kú iṣẹ́, awakọ̀. Ẹ ní òkúta lẹ gbé wá? Ṣebí ẹ ti gbé e wá tẹ́lẹ̀!"

"Ìgbà wo?"

"Ẹ wo ibí." Ó mú un lọ síbi ògiri. Sìmẹ́ńtì tó ti dì wà níbẹ̀, ó le gbagidi, ó ṣì dúró bí àpò bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti bọ́ àpò kúrò lára rẹ̀. "Inú èyí tí Màmá kó fún wa kẹ́yìn ni. Kùmọ̀ la fi ń fọ́ ọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé ó ń kó wa láyà jẹ."

Télọ̀ fọwọ́ kàn án. "Kí lẹ wá fi ṣe?"

"Èyí tó kọ̀ láti fọ́ lẹ rí yìí. Èyí tó fọ́, a jọ̀ ọ́, a dà á mọ́ òpó. Kí la fẹ́ ṣe? Kò sí omi fún àwọn ọmọ, ìdánwò ń bọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń fojoojúmọ́ dúró sí mi lórí."

"Ṣé ó máa lè dúró?"

Bíríkìlà fi èékánná ha ara òpó. Iyanrìn dà sílẹ̀ wúrúwúrú. Ó wò ó díẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ó ṣì ń tutù ni. Ó máa le. Sìmẹ́ńtì Màmá kì í dójú tini. Lọ́la la máa gbé táńkì gùn ún, ká bu omi kún un."

Wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra: bíríkìlà gbára lé Màmá, Màmá gbára lé Télọ̀, Télọ̀ sì ti gbára lé irọ́.

Lábẹ́ pẹpẹ náà, níbi tí òjìji wà, ọmọbìnrin kan jókòó, ó fẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú àwọn òpó, ó gbé ẹsẹ̀ lé garawa tó dojú dé. Ìwé wà lórí itan rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì; ó ń há nǹkan sórí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tò bọ̀ láti ọ̀nà odò pẹ̀lú omi lórí, ọrùn wọn ti wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ọmọ náà wí. "Ṣé lóòótọ́ ni omi máa yọ níbí lọ́la?"

Télọ̀ kàn gbé ọwọ́ sókè, bí ẹni tó fẹ́ lé eṣinṣin, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó já òkúta rẹ̀, ó gun ọkọ̀, ó wà á jáde láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Lójú ọ̀nà, fóònù rẹ̀ dún. Màmá ni. Ó wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Ó yí ojú rẹ̀ dé.

Gáréèjì ló wà á lọ. Ó bá Má-fòyà níbi tó ti ń bọ́ táyà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí.

"Òpó mélòó lo ti rí tó wó láyé ẹ?" ni Má-fòyà bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fojú ara mi rí i. Iyanrìn lásán ló ń dà. Àwọn ọmọ ń jókòó sábẹ́ ẹ̀."

"Àwọn ọmọ ń jókòó síbi gbogbo. Fi bíríkìlà sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ẹ̀." Ó nu ọwọ́, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo tiẹ̀ ń wá ẹ. Sìmẹ́ńtì kan wà lọ́wọ́ mi, ó ti pẹ́ díẹ̀. Bí mo bá gbé e lọ, Màmá á tú u wò. Ṣùgbọ́n ìwọ ló fọkàn tán. Bá mi dà á mọ́ tìẹ."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n."

"Rárá?" Ẹ̀rín yọ lójú àlàfo eyín rẹ̀. "Ta ló gun òkè ẹrù pẹ̀lú ẹ lọ́jọ́ òjò? Àbí kí n kàn rọra bá Màmá tàkúrọ̀sọ?"

Ìgbà náà ló yé Télọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Okùn ni wọ́n fi sí i lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ kó lè wọlé dáadáa.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó délé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó wo àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ọkọ̀ ni?"

"Kì í ṣe ọkọ̀, Àǹtí mi."

"Ta ló kú?"

"Kò tíì sí," ló wí, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀ sì bà á. Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, ó ròyìn rẹ̀ látòkè délẹ̀: òjò, àpò tó gbóná, Má-fòyà, òpó, ọmọ tó ń kàwé. Omi ń kán láti ara àwọn aṣọ tó sá.

"Láti ìgbà tó o ti mọ̀, kí lo ń dúró dè?"

"Ẹ̀yin ni. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gba ọkọ̀. Ilẹ̀ ọkọ yín ni ọkọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ á tún padà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kí ni kí n wò yín lójú sọ?"

"Torí tèmi lo ṣe dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin náà nu ọwọ́ tó bó mọ́ aṣọ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kan, lẹ́yìn náà èkejì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga. "Má fi orúkọ mi bo nǹkan yẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló máa ń bà. Bí kò bá tilẹ̀ ba ará ilé mi, ṣé orí ọmọ ẹlòmíràn kì í ṣe orí ni? Ilẹ̀ tí mo tà, mo ti tà á. Má ta ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn."

"Àǹtí mi, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀." Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tún gbé aṣọ tó ń sá. "Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n a ti tòṣì rí, a ò kú. Ọmọ tó bá kú sábẹ́ òpó kò ní rí ibi tí yóò ti tún bẹ̀rẹ̀." Ó yíjú sí okùn ìsáṣọ.

Télọ̀ mú fóònù jáde. Ó pe Màmá, kò wọlé. Ó tún un pè, wọ́n ní ó ti pa fóònù rẹ̀. Ọ̀la kò sì jìnnà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tí Màmá yóò bá níbẹ̀ bó bá ti tan fóònù. Ó kọ́kọ́ kọ pé: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó kọ pé: Màmá, òjò kan rọ̀ lọ́jọ́sí. Ó pa ìyẹn náà rẹ́; òjò kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó kọ orúkọ Má-fòyà sí i, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì pa á rẹ́, nítorí ọwọ́ ta ló gbé àpò àkọ́kọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé wa. Kò sí ìtìjú nínú pé Télọ̀ kò mọ tapólì í tún ṣe. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ṣi nǹkan ṣe. Ká ní ó sọ ọ́ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà ni, sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni ì bá bàjẹ́. Ó bò ó, sìmẹ́ńtì di òpó, òpó sì fẹ́ gbé omi lé orí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àṣìṣe tí a bá bò mọ́lẹ̀ kì í kú síbẹ̀. Dídàgbà ló ń dàgbà. Kò sì sí ìgbà tí yóò rọrùn láti jẹ́wọ́ rẹ̀ tó ìgbà tó ṣì kéré.

Télọ̀ tẹ̀ ẹ́ tán, ó sì fi í ránṣẹ́. Ohun tó kọ nìyí:

"Màmá, Télọ̀ ni. Ẹrù tí mo kọ́kọ́ kó wá fún yín, òjò pa á lójú ọ̀nà. Mo mọ̀, mo sì tò ó sáàárín kí ẹ má baà rí i. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Òun ni bíríkìlà fi da òpó táńkì omi ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ gbé táńkì gùn ún, òpó náà kò sì lè rù ú. Mo ti ń lọ síbẹ̀ báyìí láti kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ mí, wọ́n lè má gbọ́ tèmi. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́. Mo mọ̀ pé n ó san gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní gbé ẹrù lé mi lọ́wọ́ mọ́. Inú máa bí yín gan-an tí ẹ bá ka èyí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́kọ́ pe bíríkìlà kí ẹ tó pè mí."